Bí Mo Ṣe Gé Àjẹ̀ Adégoróyè Kúrú

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí ara ó kan ara. Òjò yìí kò tíì ṣe tán láti dá. Ẹni tí ó fẹ́ lọ sí oko, oko ti di odò. Ẹni tí ó fẹ́ lọ sí ọjà, ọjà ti tú. Kò sí ibi tí ó tura lónìí ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi yìí lọ. Ẹ fún ìyá àgbà yẹn láyè lẹ́bàá ògiri. Olùkọ́, gbé bàtà rẹ kúrò níbi tí òrùlé ti ń jò, kí wọ́n má baà sọ pé ilé ọdẹ ni bàtà rẹ ti bàjẹ́.

Mo ti sọ ìtàn ẹkùn fún yín títí ẹkùn fi sú yín. Mo ti sọ ti erin, mo ti sọ ti iwin olórí mẹ́ta tí mo bá wọ̀yá ìjà títí tí orí kejì fi ń bẹ orí kẹta pé kí wọ́n jọ̀wọ́ mi. Lónìí, igi kan tí mo gé ni n ó sọ fún yín. Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ń rẹ́rìn-ín! Ẹ ń sọ nínú ara yín pé ta ni kò gé igi rí. Ẹ ṣe sùúrù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí láti èwe, Ọdẹ́bíyìí ni orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Kúkúrú-bí-Ikú ni orúkọ tí àwọn ẹranko sọ mí. Bí mo bá dúró sínú oko àgbàdo, àgbàdo nìkan ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ní Etídò tí wọ́n bí mi sí, igbó wà lẹ́yìn wa, omi wà níwájú wa. Igbó ni tèmi. Omi ni ti ọ̀rẹ́ mi Adégoróyè. Ọkùnrin yìí ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí àwa méjèèjì bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà, àwọn ọmọdé á máa pariwo pé, "Ẹ wá wo ọ̀pẹ àti èkùrọ́ rẹ̀!" A kì í bínú. Láti kékeré ni a ti jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. Òun á na ọwọ́ mú ẹran láti òkè, èmi á na ọwọ́ mú un láti ìsàlẹ̀.

Adégoróyè kan ọkọ̀ kan tí irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo etí omi wa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́, ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń gbà, ó sì fi awọ bo orí rẹ̀ yí ìbàdí ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ ká, kí ìgbì má baà da omi sí i. Àjẹ̀ tí ó fi ń tù ú náà kì í ṣe irú ti gbogbo ayé. Àjẹ̀ àwọn atukọ̀ yòókù ní ewé kan ṣoṣo, nísàlẹ̀, ibi tí ó ti fẹ̀ láti fi wa omi. Ti Adégoróyè ní ewé lórí, ó ní ewé ní ìdí, ọ̀pá gígùn sì wà láàárín méjèèjì. Òun á di ọ̀pá náà mú ní àárín. Bí ewé ọ̀tún bá wọ omi, ti òsì á gòkè. Bí ti òsì bá wọ omi, ti ọ̀tún á gòkè. Bí ó bá ń lọ lójú omi, ẹyẹ ni ẹ ó pè é.

Ní ọjọ́ kan, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ẹni tí ń hun àwọ̀n fún gbogbo ìlú, pé, "Mo fẹ́ lọ wo ibi tí oòrùn ti ń jáde."

Àwẹ̀ró ní, "Ṣé kò jáde dé ọ̀dọ̀ wa níbí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ náà padà wá fúnra rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àjẹ̀ náà wà ní ìbú lórí awọ rẹ̀, ó gbẹ, bí ẹni pé ẹnìkan rọra gbé e kalẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ níbi yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Etídò, a kì í fi ayùn kan àjẹ̀ ẹni tí ó wà láàyè. Bí atukọ̀ bá kú ni a ń gé àjẹ̀ rẹ̀, a ó sì tẹ́ ẹ tì í nínú sàréè. Àjẹ̀ tí a bá ti gé, ẹni tó ni ín ti lọ nìyẹn. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, Bàbá Ṣówándé tí í ṣe olórí àwọn atukọ̀ gbé ayùn dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró, àwọn àgbà mẹ́rin tẹ̀lé e. Àwẹ̀ró jókòó lé àjẹ̀ náà lórí.

Ó ní, "Bàbá, ọkọ mi kò kú. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ kọ́kọ́ gé ẹsẹ̀ mi."

Bàbá Ṣówándé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, omi kì í dá ọkọ̀ padà láìdá ènìyàn padà, àfi bí ó bá ti jẹ ẹ́ tán." Ó bá gbé ayùn rẹ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró wá bá mi. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọdẹ, ọ̀rẹ́ yín ń bẹ láyé. Ẹ lọ mú un wá fún mi."

Mo ní, "Ìyàwó, ọdẹ orí ilẹ̀ ni mí. Omi tí mo mọ̀ kò ju èyí tí mo ń mu lọ."

Ó ní, "Àwọn tí ó mọ omi ti ní ó kú. Ta ló tún kù?"

Ẹnu tí mo fi ń pe erin ní ọmọdé wúwo bí òkúta. Mo wo obìnrin yìí tí kò sunkún, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá lọ, n kò ní lè jẹun nínú àwo kankan mọ́ láé. Mo kó ohun èlò ọdẹ mi sí ara, mo wọ inú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ náà, mo gbé àjẹ̀ òmìrán náà lé itan, mo lọ.

Omi gbé mi wọ inú igbó kan tí ó jẹ́ pé inú omi ni àwọn igi rẹ̀ nà ẹsẹ̀ sí. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí mo wo àwọn ewé náà dáadáa, ewé kọ́: etí ni! Etí kéékèèké, etí ńláńlá, gbogbo wọn ń mì lẹ́ẹ̀kan náà bí etí ẹṣin. Gbòǹgbò kan yọ láti inú omi, ó dábùú níwájú mi. Ohùn kan jáde láti ara igi.

"Ta ni ń kọjá?"

Ẹ mọ̀ mí. Mo na ọrùn sókè. "Èmi Ọdẹ́bíyìí, Kúkúrú-bí-Ikú, ọdẹ tí ó pa erin mẹ́rìndínlógún!"

Gbogbo igbó náà rẹ́rìn-ín. Gbòǹgbò kejì yọ, ó dábùú lẹ́yìn mi.

"Ta ni ń kọjá?"

"Èmi tí mo pa erin mẹ́wàá!"

Gbòǹgbò kẹta yọ lábẹ́ ọkọ̀, ó gbé e sókè kúrò nínú omi. Òógùn bò mí. Mo rọ ohùn mi sílẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́. Erin mẹ́ta ni. Ọ̀kan nínú wọn sì ti kú kí n tó dé ibẹ̀."

Olùkọ́, mo rí ọ tí o ń la ẹnu. Kí lo wí? Pé mẹ́rìndínlógún ni mo sọ lọ́dún tó kọjá? Ṣé ewé igi ni ọ́ ni? Jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ohùn náà ní, "Kí lò ń wá?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Mo ní, "Ó ń bà mí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní èbúté ni ó ti ń bà mí."

Àwọn gbòǹgbò náà wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà là. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé òtítọ́ kì í wúwo lẹ́nu tó bí a ṣe ń rò.

Bí mo ṣe jáde nínú igbó náà ni mo bọ́ sí gbangba omi kan tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ìlú nísàlẹ̀ rẹ̀, tí èéfín ń ti orí òrùlé wọn gòkè bí ìfófò ọṣẹ. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó rí mi, ó sì juwọ́ sí mi bí ẹni rí ẹyẹ. Irun orí mi dìde. Mo fẹ́ yára kọjá, ṣùgbọ́n àjẹ̀ kò gbà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí a ṣe fún ẹni gíga, ìyà ni lọ́wọ́ ẹni kúkúrú. Kí ewé rẹ̀ tó lè kan omi, àfi kí n gbé apá mi kọjá etí. Bí mo bá wà á ní ọ̀tún, ewé òsì á lọ sókè réré, afẹ́fẹ́ á gbá a mú, á sì yí ọkọ̀ náà po. Ọ̀pá náà ń gbá etí ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀n, ó ń ha mí ní àtàǹpàkò. Mo wà á ní òwúrọ̀, mo wà á ní ọ̀sán. Èjìká mi wú bí iṣu. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, ẹnu igbó ẹlẹ́tìí ni mo ṣì wà. Ojú kan ni mo ti ń yí ká bí ajá tí ń lé ìrù ara rẹ̀.

Òkìtì iyanrìn kan wà nítòsí, mo wọ́ ara mi gun ibẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé, èèwọ̀ ìlú kò kàn mí mọ́, n ó gé e. Mo yọ ọ̀bẹ ọdẹ mi, mo gé ọ̀pá náà ní àárín. Bí ọ̀bẹ bá ti wọlé, ojú ọgbẹ́ náà á pa dé. Nígbà tí mo fi máa dáwọ́ dúró, àjẹ̀ náà ti fi ìgbọ̀nwọ́ kan gùn ju bí mo ṣe gbé e wá lọ! Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo sì bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi. Ẹ máa wò mí.

Mo gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí omi, lórí omi gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú, ó ń hun ẹní. Ìgbì ni ó fi ń hun ún. Á fa ọ̀kan láti ọ̀tún, á fa ọ̀kan láti òsì, á fi èkejì bọ àárín èkíní. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn.

Ó ní, "Dìde, ọmọ ilẹ̀. Wò mí lójú kí o dáhùn. Ohun kan wà: bí o bá gé e lórí, ó kú. Bí o bá gé e lẹ́sẹ̀, ó kú. Bí o bá gé e ní ìbàdí, ó yè, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ni?"

Mo ní, "Ejò?" Ó ní, "Gé ejò ní ìbàdí, kí o wò ó bí yóò bá yè." Mo ní, "Ẹkòló?" Ó sán ìgbì kan sí mi lójú. Mo nu ojú nù, mo wo ilẹ̀, mo sì rí àjẹ̀ náà tí ó nà sílẹ̀ níwájú mi, ewé lórí, ewé lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, àjẹ̀ yìí ni."

"O ti rí i. Ibi tí ó yẹ ni ọ̀bẹ rẹ wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí o dúró lé kò yẹ. Lórí omi yìí, ohunkóhun kì í dínkù. Ẹja kì í kéré sí i, ìbànújẹ́ kì í kéré sí i. Gbé e padà sílé. Ilé ni a ti ń gé ohun kúrú. Kí ẹni tí ó ní ìpín nínú ẹni tó ni ín dì í mú, kí ìwọ fi ayùn sí i."

Mo ní, "Ìyá, bí a bá gé e nílé, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ mi ti kú."

Kò gbé ojú sókè kúrò lára ẹní rẹ̀. Ó ní, "Wọn kò ha ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ná?" Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ lẹ́nu fùú, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Kí n tó di etí ọkọ̀ mú dáadáa, èbúté Etídò ni mo ti bá ara mi.

Àwẹ̀ró dúró létí omi. Ó wo inú ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn mi, ó sì yí padà sílé. Mo tẹ̀lé e dé ilé rẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láìyọ ohunkóhun kúrò. Nígbà tí mo dé ibi ayùn, ó dìde fùú.

"Ẹ̀yin ọdẹ, ṣé èmi ni kí n di igi mú kí ẹ gé ọkọ mi?"

Mo ní, "Igi ni n ó gé, ìyàwó."

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe igi nìkan. Bí mo bá dì í mú tí kò sì padà wá, èmi fúnra mi ni mo sin ín."

N kò jà. Mo ṣí èjìká mi hàn án, bí ó ti wú. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i, bí awọ wọn ti bó. Mo ní, "Bí àjẹ̀ yìí bá gùn bí ó ti gùn yìí, yóò máa jẹ́ ti ọkọ rẹ títí ayé, kò sì sí ẹni tí yóò lè fi í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó wọlé lọ. Nígbà tí ó jáde, ayùn ni ó gbé lọ́wọ́. Ayùn Adégoróyè gan-an ni.

A gbé ọkọ̀ náà wá sí àárín àgbàlá, mo jókòó sínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwẹ̀ró ní kí n gbé àjẹ̀ lé orí bí ẹni ru igi, kí n ká ìgbọ̀nwọ́ mi dáadáa. Ó fi okùn wọn ibi tí ọwọ́ mi dé, ó wọn gíga ìjókòó mi sí etí ọkọ̀, ó sì fi èédú sàmì sí ọ̀pá náà níbi méjì. Mo ní, "Èyí kò tó, fi kún un." Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gé díẹ̀. Igi tí a gé kù, a lè tún un gé. Èyí tí a gé jù, ta ni yóò bá wa so ó padà?" Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ahun-àwọ̀n!

Ó wé aṣọ mọ́ ojú àmì náà kí igi má baà là. Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá náà sí àárín orúnkún méjèèjì, ó dì í mú. Bàbá Ṣówándé ti gbọ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Àwẹ̀ró! Bí ayùn yẹn bá kan igi yẹn, o ti di opó."

Ó dáhùn láìwo ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa di ìpẹ̀kun rẹ̀ mú, ó ń mì."

Ẹ gbà mí gbọ́ o, bàbá àgbà náà fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó sì wá dì í mú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo fi ayùn sí i. Eruku igi náà funfun, òórùn rẹ̀ dùn bí òórùn omi àárọ̀. A gé e nígbà kíní, a gé e nígbà kejì, ègé àárín sì bọ́ sílẹ̀. Kò pa dé. Kò dàgbà. Ilé ni a wà. Mo wọn ara mi mọ́ ọn, ó ṣì gùn. A tún gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kúrò. Nígbà náà ni Àwẹ̀ró mú ègé àárín nílẹ̀, ó wò ó, ó gbé e mọ́ àyà lẹ́ẹ̀kan, ó sì jù ú sínú iná tí a ti ń yọ́ oje igi tí a ó fi lẹ ọ̀pá náà pọ̀. Ẹnu ya gbogbo wa. Ó ní, "Kí n má baà máa rí i."

Mo fi ẹ̀yìn ayùn ha ẹnu ọ̀pá méjèèjì, mo fi ewé eépín dán wọn títí wọ́n fi jọ̀lọ̀. A ki wọ́n bọ inú oparun kan láti ọ̀tún àti láti òsì, títí wọ́n fi ko ara wọn nínú rẹ̀, a sì da oje gbígbóná sí i. Kí ó tó gbẹ, Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ gbalaja, ó fi ojú kan wo ìlà ọ̀pá náà láti ewé dé ewé. "Ó yí díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹ dá a padà. Díẹ̀ sí i. Ó tó." Ó wá fi okùn àwọ̀n wé oríkèé náà yí ká, yí ká, ó sì so ó ní ìdè kan tí n kò tíì rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bàbá Ṣówándé gbé àjẹ̀ náà, ó gbé e yẹ̀wò, ó sì gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nígbà tí mo tún wọ inú omi, ẹyẹ ni mo di! Ewé ọ̀tún wọlé, ti òsì gòkè, ọkọ̀ náà sì lọ tààrà bí ọfà. Igbó ẹlẹ́tìí kò bi mí ní ìbéèrè kankan, gbogbo etí wọn yí sí mi, wọ́n sì ní, "Kọjá." Mo wa omi gbangba náà láàárín ọjọ́ kan, mo sì dé èbúté ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìwòran.

Ìlú náà kò ní odi, kò ní oníbodè. Ewéko ti hù sórí ìdáná. Gbogbo ará ìlú dúró létí omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń wo iwájú, kò sì sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bàbá kan jókòó sórí òkúta pẹ̀lú ìbòjú lójú. Mo kí i, mo ní, "Bàbá, ta ni ó de àwọn ènìyàn yìí mọ́lẹ̀?"

Ó ní, "Kò sí ẹni tó dè wọ́n. Oòrùn ni ó ń wẹ̀. Ibí ni ó ti ń wẹ̀ kí ó tó gòkè lọ bá yín. Ẹni tí ó bá rí i kò ní fẹ́ rí nǹkan mìíràn mọ́."

Ẹ wá gbọ́ bí Ẹlẹ́dàá ṣe ní ìdí tí ó fi dá mi bí ó ti dá mi. Mo wọ inú ọ̀pọ̀ ènìyàn náà, ẹ̀yìn nìkan ni mo ń rí! Ẹ̀yìn níwájú, ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ẹ̀yìn lósì. Ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lórí mi, kò rí mi mú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àlàfo kan là láàárín apá ènìyàn méjì. Kí ni mo rí? Mo rí omi tí ó di wúrà, mo rí ohun kan tí ó tóbi ju òkè lọ tí ó rọra tẹrí ba bí ọmọ ọwọ́ nínú abọ́ ìwẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn kan bí ẹ̀rín. Ìyẹn nìkan. Gbogbo ẹran tí mo ti pa, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ṣe fáàrí, ó di eruku lẹ́nu mi. Apá wọn tún pa dé, mo sì rí i pé omijé ti rin aṣọ mi dé ìgbànú. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀ nígbà tí mo ń jẹun lọ́wọ́, òkèlè á dúró sí mi lọ́wọ́.

Mo rí Adégoróyè níwájú pátápátá, omi dé e lórúnkún, orí rẹ̀ yọ ju ti gbogbo wọn lọ. Mo pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbọ́. Mo fà á lápá, igi ni. Mo ní, "Àwẹ̀ró ń dúró dè ọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí oòrùn. Mo ní, "Bàbá Ṣówándé ti gbé ayùn wá." Kò mira. Ó rẹ̀ mí. Mo fara ti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì sọ ọ́ bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀ pé, "A gé àjẹ̀ rẹ."

Orí rẹ̀ yí. Bàbá olókùúta sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti ìgbà tí ìlú náà ti wà, òun kò tíì gbọ́ kí ọrùn kan yí níbẹ̀.

"Ta ló gé àjẹ̀ mi?" Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí fún ọdún púpọ̀.

"Èmi ni mo gé e. Ìyàwó rẹ ló dì í mú."

Ìbínú mú un, ojú rẹ̀ pọ́n. "Nítorí náà mo ti kú nílé? Àwẹ̀ró pa mí?"

"Rárá. Ó gé e kí ẹnìkan lè wá." Mo gbé àjẹ̀ náà sókè fún un. "Wò ó. Ó ṣe déédéé mi."

Ó gbà á. Ó fi ìka tọ okùn tí a wé mọ́ oríkèé rẹ̀ yí ká, yí ká, ó sì dé ibi ìdè náà, ìdè ọwọ́ Àwẹ̀ró. Ó dúró níbẹ̀. Ọkùnrin gíga yìí jókòó sínú omi, ó sì sunkún, ẹ̀yìn rẹ̀ sí oòrùn.

Ọkọ̀ ẹnìkan ni. A fi ọ̀bẹ la awọ tí ó bo iwájú rẹ̀, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ síbẹ̀ bí eéṣú. Ó na ọwọ́ sí àjẹ̀, ó wà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó kúrú jù fún un, ó ń wa afẹ́fẹ́. Ó dá a padà fún mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni kò wa Adégoróyè lójú omi rí. Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ní, "Máa wà á, ọ̀rẹ́ mi. N ó jókòó." Mo sì wà á.

Nígbà tí a yọ sí Etídò, àwọn tí ó wà ní èbúté fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òkú ni wọ́n pè é. Àwẹ̀ró kò sá. Ó rìn wọ inú omi títí omi fi dé e láyà, ó di imú ọkọ̀ mú.

Adégoróyè ní, "Mo gbọ́ tí Ọdẹ́bíyìí ń pe orúkọ kan níbẹ̀. N kò mọ̀ pé orúkọ mi ni."

Àwẹ̀ró di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Adégoróyè."

Ó ní, "Hẹ̀n."

"Adégoróyè."

"Hẹ̀n."

Ó pè é lẹ́ẹ̀meje nínú omi níbẹ̀, Adégoróyè sì jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀meje, ìkeje sì dún bí ohùn ọkùnrin tí mo mọ̀.

Ẹrù tí ahọ́n mi gbé rèé, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá ní orí, kó rù ú lọ sílé.